Wọ́n Ní Ègún Ògún Ló Wà Nílé Wa

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ègún ìdílé. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá, nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ń kọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní Bíbélì nínú ìjọ Áńgílíkà wa ní Adó títí dòní. Ojú méjèèjì yẹn ni mo fi ka lẹ́tà yín, mi ò sì ní fi ọ̀kan pa èkejì lẹ́nu mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìrè-Èkìtì ni bàbá mi ti wá, Ìkọ̀lé ni mo ti ń tajà. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ọ̀mùtí sì ni. Bàbá mi náà mu ún títí tó fi kú. Ẹni ọdún 51 ni nígbà tó ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ti mutí wálé, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo àwa ọmọ máa ń sá lọ. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ya bàbá wa. Kò sí ọjọ́ tí kì í mu ògógóró, ó sì ń na ìyàwó rẹ̀. Wòlíì kan ní Ògún ló ń bínú, pé bàbá wa àgbà da májẹ̀mú irin, pé ègún náà máa dé ìran kẹrin. Ó ní ká mú ẹ̀gbọ́n mi wá gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje ní ilé àdúrà, ká mú ₦150,000 dání, kí n má sì tẹ ilé bàbá mi mọ́ títí wọ́n á fi tú ègún náà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin fọ́ abọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nà án, mi ò sì lè dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìnkùlé ló sá lọ. Ṣé ègún náà ti kàn mí ni? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÈSÌ: Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Èyí tó kánjú ni màá kọ́kọ́ sọ: ẹ má mú ẹ̀gbọ́n rẹ lọ síbi ààwẹ̀ gbígbẹ yẹn. Èmi náà ń gbààwẹ̀, mo sì mọ ohun tí Ọlọ́run ti fi ṣe láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ara rẹ̀ ti gbára lé e. Bí ẹ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójijì, kí ọjọ́ kan tó yí po, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì. Kó tó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, gìrì lè gbé e. Àwọn mìíràn á máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, wọ́n á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ara wọn á gbóná gan-an. Mo tọ́jú irú wọn ní wọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ ilé àdúrà ló ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n á sọ ni pé ẹ̀mí Ògún ló ń fara hàn, wọ́n á tún ohùn àdúrà gbé sókè, wọn ò sì ní fún un lómi. Ọ̀pọ̀ ló ń kú báyẹn. Wọ́n á gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á ní ègún ló pa á, ẹ ò sì ní mọ̀ láé.

Ìtọ́jú wà fún un. Ní ọsibítù, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á fún un ní fítámì B1, wọ́n á máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru títí ewu á fi kọjá. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Adó tàbí ní Ìdó, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ tì yín lójú. Ẹ sì má fi agbára gba ọtí náà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ níbẹ̀. Pásítọ̀ tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run á tẹ̀ lé yín dé wọ́ọ̀dù.

Ó kan ọ̀rọ̀ Ògún. Ọmọ Ìrè ni ọ́, o mọ ìtàn yẹn jù mí lọ. Wọ́n ní nígbà tí Ògún dé Ìrè, àwọn ará ìlú wà níbi àpéjọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti sọ̀rọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó wo agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò dá a lóhùn. Ló bá fa idà yọ, ó pa àwọn èèyàn ara rẹ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó rí ohun tó ṣe, ó fi idà gúnlẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ lọ. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò bọ Ògún, ṣùgbọ́n mi ò fojú yẹpẹrẹ wo ìtàn àwọn baba wa. Níbo ni wọ́n ti fi alágbẹ̀dẹ àti ọmọ rẹ̀ gégùn-ún nínú ìtàn yìí? Ẹmu ló wà níbẹ̀, ìbínú wà níbẹ̀, àbámọ̀ tí kò lè jí òkú wà níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn mọ ohun tí wọ́n fi ń kìlọ̀. Wòlíì tó ń bá yín sọ̀rọ̀ mú orúkọ Ògún, ó fi ìkìlọ̀ sílẹ̀.

Ẹ́kísódù 20:5 ni wọ́n máa ń kà sí èèyàn létí lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé Ọlọ́run ń bẹ ẹ̀ṣẹ̀ baba wò lára ọmọ títí dé ìran kẹta àti ìkẹrin. Wọ́n á ka ibẹ̀, wọ́n á pa Bíbélì dé. Gbólóhùn náà ò tíì parí o. Lára àwọn tó kórìíra Ọlọ́run ni ó wí, ẹsẹ kẹfà sì ní Ó ń fi àánú hàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó fẹ́ Ẹ. Ìwọ tó ń fi omijé kọ̀wé sí mi pé o fẹ́ ṣe ìfẹ́ Olúwa, ẹgbẹ́ wo lo wà nínú méjèèjì?

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ti rojọ́ yìí rí. Òwe kan wà lẹ́nu wọn nígbà náà, pé àwọn baba ló jẹ èso àjàrà kíkan, eyín àwọn ọmọ ló wá kan. Ọlọ́run rán Ìsíkíẹ́lì sí wọn pé òun kò fẹ́ gbọ́ òwe yẹn mọ́ ní Ísírẹ́lì. Orí 18 ni. Fúnra rẹ ni kó o jókòó kà á nílé látòkèdélẹ̀, má dúró de ẹni tó máa kà á fún ọ. Wàá bá baba kan níbẹ̀ tó ń fipá gba nǹkan oní-nǹkan, ó bí ọmọ, ọmọ náà rí gbogbo ohun tí baba rẹ̀ ń ṣe, ó sì kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ní ọmọ yẹn kò ní kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ baba rẹ̀. Jeremáyà 31 sọ bẹ́ẹ̀ náà. Òfin Mósè pàápàá kò gbà kí wọ́n pa ọmọ dípò baba, Ọba Amasáyà sì tẹ̀ lé òfin yìí nígbà tó ń gbẹ̀san ikú baba rẹ̀: ó pa àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibi náà, ó dá ọmọ wọn sí. Bí ọba tó jẹ́ èèyàn bá lè dá ọmọ sí, kí ni wọ́n wá fi ń pe Ọlọ́run?

Mi ò sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ègún. Ó wà nínú Ìwé Mímọ́. Gálátíà 3:13 sì sọ ẹni tó gbé e lọ: Kírísítì ti rà wá padà kúrò lábẹ́ ègún òfin, nítorí Òun fúnra rẹ̀ di ègún fún wa. Ohun tí Olúwa ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ san, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tún gba ₦150,000 lé e lórí. Ọ̀fẹ́ la gbà á, ọ̀fẹ́ ló ní ká fi fúnni. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń tà á fún aláìní, mi ò sì fi pa mọ́.

Nígbà tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wàásù ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè ní 1930, àwọn èèyàn wa kó oògùn àti òrìṣà jáde, wọ́n dáná sun ún, wọ́n padà sílé wọn. Wọ́n gbà pé ó parí. Ibojì wòlíì náà ṣì wà ní Ẹ̀fọ̀n lónìí. Ó dùn mí pé ọmọ-ọmọ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni wọ́n tún ń dẹ́rù bà kiri Èkìtì báyìí, pé ohun tó ti jóná láyé ìgbà yẹn ṣì ń lépa wọn.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń bọ́ láti ọwọ́ baba sọ́wọ́ ọmọ, mi ò ní purọ́ fún ọ. Pétérù sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí kìíní, ẹsẹ 18: ìwà asán tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Ìwà ni ó pè é. Ọmọ tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ara rẹ̀ á ti kọ́ ìbẹ̀rù kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó lè dàgbà, kó lọ́kọ, kó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kí ilẹ̀kùn kan ṣàdédé dún gbàmù, kí àyà rẹ̀ sì já bíi tọmọ ọdún mẹ́fà. Rántí dáadáa: nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, tí abọ́ bá fọ́ nílé yín, kí ló máa ń tẹ̀ lé e? Mo rò pé ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ ti gbéra lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nǹkan tó o kọ́ ni. Ohun téèyàn kọ́, ó lè fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ máa pẹ́.

Pe ọmọ yẹn lónìí. Jókòó tì í, kó o sì sọ fún un pé o ṣe é, pé abọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ na ọmọ báyẹn. Wọ́n á sọ fún ọ pé àgbà kì í bẹ ọmọdé. Bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ ò bẹ̀ ọ́ rí, o ṣì ń gbé e kiri nínú. Ìgbà mìíràn tí ara rẹ bá tún fẹ́ gbóná, fi yàrá náà sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó gbéra. Lọ síta, bu omi sójú, ka Sáàmù tó bá wá sí ọ lẹ́nu, má padà wọlé títí èémí rẹ á fi balẹ̀. Wá àgbàlagbà obìnrin kan tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, kó o máa sọ fún un bó ṣe ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọ bàbá yín náà, ẹ ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí? Lọ́dọ̀ wa, bí bàbá bá ti kú, rere rẹ̀ nìkan la máa ń sọ, ìyókù á wọ inú ilẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ọmọ á wá máa gbé e káàkiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka Sámúẹ́lì Kejì orí 13. Ámúnónì ba Támárì àbúrò rẹ̀ jẹ́. Dáfídì gbọ́, inú bí i gidigidi, a ò sì rí i kà pé ó ṣe ohunkóhun. Ábúsálómù kò bá Ámúnónì sọ rere, kò bá a sọ búburú. Ọdún méjì gbáko ló fi dákẹ́, lẹ́yìn náà ló pa á. Gbogbo ilé náà mọ̀, ẹnì kankan ò sọ ọ́ jáde. Ohun tó wó ilé Dáfídì nìyẹn, a ò sì gbọ́ pé wọ́n lọ wá òrìṣà bàbá ẹnikẹ́ni lọ. Torí náà, lọ sílé bàbá rẹ. Má yẹra fún un. Pe àwọn àbúrò rẹ jọ sí pálọ̀ yẹn, kí olúkúlùkù sọ ohun tó rántí, kí ẹ sunkún bí ẹkún bá dé, kí ẹ sì dárí jì í bí ẹ bá lè ṣe é.

Nípa ti ikú rẹ̀: ọkùnrin ẹni ọdún 51, ọ̀mùtí, tó ṣubú ní balùwẹ̀ tí kò dìde, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, ọtí àti iyọ̀ a sì máa tì í lẹ́yìn. Kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ lọ wọn ìfúnpá yín lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá ti dé 140/90 lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí dókítà, kí ẹ sì má dá oògùn rẹ̀ dúró tí ara bá yá.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? O dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú lẹ́tà rẹ, òun ló sì wà nínú ewu jù. Láti 2011 ni Èkìtì ti ní òfin tó de irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ nínú ilé, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Bá a wá ibi tó lè sùn sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti mu yó, ìwọ pàápàá lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó fara dà á títí ègún á fi tú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Kòkúmọ́ ni orúkọ mi. Ọmọ méje ni ìyá mi bí, mẹ́rin ló kú ní kékeré. Mo fẹ́ gbéyàwó ní Oṣù Kejìlá. Ìjọ wa ní àbíkú wà nílé wa, wọ́n sì fún èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ní àdúrà ọjọ́ 21. Wọ́n tún ní ká ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. AS ni mí, AS ni òun náà. Pásítọ̀ ní bí a bá já májẹ̀mú àbíkú náà, ẹ̀jẹ̀ wa á yí padà. — Kòkúmọ́, Ìjerò-Èkìtì

ÈSÌ: Kòkúmọ́, ọmọ mi, àdúrà ọjọ́ 21 kò ní sọ AS di AA. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ibòmíràn tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, torí àṣìṣe a máa wà. Bó bá tún jẹ́ AS pẹ̀lú AS, gbogbo oyún tí ẹ bá ní ló máa ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn fòníkúfọ̀ladìde. Mo ní gbogbo oyún. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Mo ti rí ìdílé tí mẹ́ta tẹ̀ léra wọn.

Àwọn baba wa kì í ṣe òpè. Wọ́n rí ọmọ tí ìrora ń mú lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, ó kú, wọ́n bí òmíràn, ìrora kan náà tún mú un. Wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè wo inú ẹ̀jẹ̀. Àfi ní 1910 kí dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n pè é ní àbíkú, wọ́n sì sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, wọ́n ń fi orúkọ bẹ ọmọ pé kó dúró. Àdúrà ìyá rẹ ni orúkọ rẹ, má tijú rẹ̀. Mi ò sì lè sọ pé SS ló pa àwọn mẹ́rin yẹn. Ibà ń pa ọmọ nígbà náà, èéyì ń pa ọmọ, gìrì ọmọ tuntun ń pa wọ́n, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kárí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìdí tó sì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa ni pé AS máa ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le. Ohun tí wọ́n ń pè ní ègún nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn baba ńlá rẹ yè kí wọ́n tó bí ẹni tó bí ọ. Wàhálà ibẹ̀ ni ìgbà tí AS bá fẹ́ AS. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù nínú Jòhánù 9 pé ta ló ṣẹ̀, afọ́jú yìí ni tàbí àwọn òbí rẹ̀, Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé inú mi ni mo ti bí ọ, màá ní kí ẹ má fẹ́ra. Ó máa dùn yín, mo mọ̀. Bí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ìgbéyàwó tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn àkọ́bí. Ọmọ SS ń dàgbà lónìí, ó ń lọ yunifásítì, ó ń bímọ, ṣùgbọ́n oògùn folic acid ojoojúmọ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà wọlé, hydroxyurea fún àwọn tí dókítà bá kọ ọ́ fún, omi mímu, àti owó ọsibítù ni ẹ máa fi tọ́ ọ. Ẹ jókòó, ẹ ṣírò rẹ̀ pa pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àsìkò yìí o, ìyá wa. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni mí, mo fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún mi. Mo ti bẹ obìnrin kan tó mọ oríkì ilé wa pé kó wá kì mí. Ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Èkó, ní bí wọ́n bá kì mí, òun ò ní wá. Ó ní ẹ̀mí òkú là ń pè, pé ẹ̀jẹ̀ tí bàbá ńlá wa ta sílẹ̀ lógun Kírìjì wà nínú oríkì yẹn. Ó ti yí orúkọ ìdílé wa tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá- padà sí Jésù- ní kóòtù. Kí ni kí n ṣe? — Bàbá kan, Òkè-Ìmẹ̀sí

ÈSÌ: Bàbá wa, ẹ kú oríire, ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kì yín.

Àpólò tó kọ́ni ní Ìwé Mímọ́ ní Éfésù àti Kọ́ríńtì, orúkọ òrìṣà àwọn Gíríìkì ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù bá a ṣiṣẹ́, kò ní kó lọ yí i. Ní Bábílónì, wọ́n sọ Dáníẹ́lì ní orúkọ tí ọba fúnra rẹ̀ sọ pé ti ọlọ́run òun ni, síbẹ̀ kìnnìún ò jẹ ẹ́. Ẹ wo Mátíù orí kìíní, oríkì Olúwa wa gan-an ni. Ráhábù aṣẹ́wó wà níbẹ̀, Rúùtù ará Móábù wà níbẹ̀, ìyàwó Ùráyà wà níbẹ̀, Mátíù ò sì fo ìkankan nínú wọn. Kórà tó dìtẹ̀ sí Mósè, ilẹ̀ la ẹnu gbé e mì. Númérì 26:11 ní àwọn ọmọ rẹ̀ ò kú. Sáàmù tí a ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní ní "ti àwọn ọmọ Kórà" lórí. Wọn ò yí orúkọ bàbá wọn, orúkọ yẹn ló sì wà lókè orin ìyìn.

Ní ti Kírìjì, ogun tí àwọn baba wa jà láti bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn ni, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn rẹ̀ ní 1886. Wọ́n ń kó ọmọ Èkìtì lẹ́rú. Àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú Ìbàdàn, ń ṣe bó ṣe wù wọ́n nínú ilé onílé. Fábùnmi ìlú yín ló dìde sí i, orúkọ Ifá ló sì ń jẹ́. Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má rántí àwọn èèyàn yẹn mọ́, ta ni yóò sọ fún ọmọ-ọmọ yín ìdí tí wọn kò fi jẹ́ ẹrú? Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ lóòótọ́, ẹ gbàdúrà lé e. Ẹ gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n pa náà, àti ọmọ wọn.

Ọmọ yín ò jẹ̀bi pátápátá o. Bí ibì kan bá wà nínú oríkì náà tí wọ́n ti ń bẹ òrìṣà, tí wọ́n ń fi ìbà fún un, ẹ sọ fún obìnrin náà ṣáájú, kó fo ibẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á mọ ibi tí ẹ ń sọ. Orúkọ tó ti yí, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ má fi bá a jà. Àgbà ni, ó ti búra, àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á sì ti yí tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ pè é wálé kí ọjọ́ ìbí tó dé, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ sọ oríkì náà fún un lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sọ ẹni tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti ohun tó ṣe. Ó ṣeé ṣe kó máa sá fún ohun tí kò gbọ́ dé ìdí rí. Bí kò bá gbà, ẹ ṣe ọjọ́ ìbí yín, kí ẹ gé kéèkì tirẹ̀ pa mọ́ fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí. Ẹgbẹ́ àdúrà kan ní kí n kọ orúkọ gbogbo òkú ilé wa láti ìran mẹ́rin sẹ́yìn, kí n kọ ẹ̀ṣẹ̀ olúkúlùkù síwájú orúkọ rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe Máàsì tí yóò wo ìdílé wa sàn. Ẹ̀rù ń bà mí. — Ọmọ Ọ̀yẹ́

ÈSÌ: Áńgílíkà ni mí, torí náà fáadà yín ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, òun gan-an, kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ àdúrà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé lòdì sí irú àdúrà yìí ní 2007, ti Spéènì náà sì kọ tiwọn ní 2024. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ kì í bọ́ láti ọ̀dọ̀ baba sí ọmọ báyẹn. Èyí tí gbogbo wa jogún lọ́dọ̀ Ádámù, ìrìbọmi ti wẹ̀ ẹ́ nù. Gbígbàdúrà fún òkú yàtọ̀ sí èyí, ó ti pẹ́ nínú ìjọ yín. Ẹni tó kú kí wọ́n tó bí ìyá rẹ, ta ló máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún ọ? Ìfura lo máa kọ sílẹ̀, wàá sì ti fi ba òkú àti ẹbí tó kù lórúkọ jẹ́. Kọ orúkọ wọn, mú un lọ fún fáadà kó fi gbàdúrà fún wọn. Ibi tí wọ́n ní kó o kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí, má kọ nǹkan kan síbẹ̀.